Bẹ́ ẹ ṣe máa gun Òkè Ìdànrè láti Àkúrẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè jí o, torí tí oòrùn bá ti ràn sórí àpáta yẹn tán, ooru ẹ̀ á máa gba inú bàtà wọ àtẹ́lẹsẹ̀ yín. Ẹ wọ mọ́tò ní Àkúrẹ́, ẹ ra píọ̀ wọ́tà dání. Àtẹ̀gùn yẹn lé ní 600, ẹ má sáré rárá, ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà, ẹ jókòó kẹ́ ẹ mí dáadáa. Tẹ́ ẹ bá dókè, ẹ ó rí ààfin àtijọ́ ti Ọwá, ìyẹn ọba Ìdànrè, àtàwọn òpó tí wọ́n gbẹ́ lọ́nà. Àmọ́ ojú ẹsẹ̀ tó wà lára àpáta, tí wọ́n ń pè ní ẹsẹ̀ Agbóògùn, ló wù mí jù: ẹ bọ́ bàtà, ẹ kẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, wọ́n ní tọmọdé tàgbà ló ń bá mu. Ẹ má kọ orúkọ yín sára àpáta o, ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ yín.