Bí Mo Ṣe Fín Igbá Lọ́dọ̀ Bàbá Onígbá ní Ọ̀yọ́

Igbá ọlọ́mọrí kan ni mo ní kí Bàbá bá mi fín fún ìgbéyàwó àbúrò mi. Bàbá ní ọwọ́ òun kún, àmọ́ bí mo bá lè fìdí jókòó, òun á fi hàn mí kí n fín in fúnra mi. Àwọn ọmọ rẹ̀ rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Láti kékeré ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ìdí rẹ̀ náà ló sì darúgbó sí. Ó fẹ́ràn ẹni tó bá béèrè bí wọ́n ṣe ń fín igbá ju ẹni tó bá béèrè iye tó ń tà á lọ.

Ọjà Àkẹ̀sán, ìtòsí ààfin Aláàfin, la kọ́kọ́ lọ. Iná jó ọjà yìí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, wọ́n sì tún un kọ́, ṣùgbọ́n Bàbá mọ ibi tí àwọn ìyá onígbá rẹ̀ wà. Èmi rò pé iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Àṣé ibẹ̀ gan-an ló wà. Odidi igbá la fẹ́ rà. Bàbá ń gbé wọn sí etí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka kàn wọ́n, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dún. Èyí tí èèpo rẹ̀ bá fẹ́lẹ́, ọ̀bẹ á lu ú. Èyí tí wọ́n já kó tó gbó, á súnkì bó bá gbẹ, ọmọrí ò ní bá a mu mọ́. Èyí tí kòkòrò ti tọ́ wò, ó dá a padà láìsọ nǹkan kan. Ìyá tó ń tà ń bínú, Bàbá ń rẹ́rìn-ín. Lójú tèmi, gbogbo wọn ló dára, a sì pẹ́ gan-an níbẹ̀ kó tó rí ẹyọ kan tó wù ú.

Nílé, ó fi okùn yí igbá náà po, ó fi èédú fa ìlà, ó gbé ayùn fún mi. Lílà rẹ̀ ò le. A rẹ ẹ́ sómi títí inú rẹ̀ fi jẹrà (òórùn yẹn, ẹ má bi mí), mo ha á dànù, mo sá a. Òòrùn àárọ̀ ni Bàbá fọwọ́ sí. Bí ọ̀sán bá ti mú, ó ní kí n gbé e sábẹ́ ibòji kó má baà sán.

Wàyí o, ọ̀bẹ. Ti Bàbá kéré, ẹnu rẹ̀ rí ṣóńṣó, èèkù rẹ̀ sì ti jẹ wọnú níbi tí àtàǹpàkò rẹ̀ máa ń wà. Ẹyẹ ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní rárá, ìlà ni. Mo fín ìlà lára àfọ́kù igbá títí ọwọ́ fi ń ro mí, kó tó sọ ohun tó yẹ kó ti sọ látàárọ̀: igbá ló ń rìn, ọ̀bẹ kì í rìn. Ẹ gbé igbá lé itan, kí ọwọ́ òsì máa yí i díẹ̀díẹ̀, kí ọwọ́ ọ̀tún sì dúró síbi tó wà. Láti ìgbà náà ni ìlà mi ti ń tọ́.

Ohun kejì tó yà mí lẹ́nu ni ti alángbá tó wà lára igbá rẹ̀. Bàbá kò fi ọ̀bẹ kan alángbá yẹn rárá. Àyíká rẹ̀ ló fín, ìlà wẹ́wẹ́ tó kún fọ́fọ́, títí alángbá fi yọ jáde fúnra rẹ̀. Èmi fi pẹ́ńsùlù àti okùn pín ẹnu igbá mi sí ọ̀nà mẹ́jọ. Bàbá fi ojú lásán pín tirẹ̀, mo sì yọ́ wọ̀n ọ́n nígbà tó lọ kírun. Ó dọ́gba.

Mo rántí Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, oníṣẹ́-ọnà ọmọ ilẹ̀ Austria tó wá sí Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1950, tó sì kú sí Òṣogbo ní 2009 lẹ́ni ọdún 93. Ẹ̀sìn rẹ̀ làwọn ènìyàn máa ń jiyàn lé lórí. Èyí tó jọ mí lójú ni pé igbó Ọ̀ṣun kan náà ló ń mọ ère sí fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí UNESCO fi kọ orúkọ igbó náà mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2005. Ti Wenger, ayé mọ̀ ọ́n. Ti Bàbá, kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan nípa rẹ̀, kì í sì í kọ orúkọ sídìí igbá. Mo bi í pé, "Bàbá, ẹ ò ṣe kọ orúkọ yín sí i?" Ó ní, "Ta ló fẹ́ kà á? Oúnjẹ ni wọ́n fẹ́ bù sí i."

Mo fi ewé eépín dán ara igbá náà, mo fi ẹfun pa inú ìlà, mo nu èyí tó ṣẹ́kù kúrò. Bàbá yí i wò, ó ní ọmọrí rẹ̀ bá a mu, ó sì ní kí n lọ wá òmíràn, pé a ó fín ẹyẹ sí ìyẹn. Mo dá lọ sí Àkẹ̀sán, mo fi ìka kan igbá títí ìyá onígbá fi bínú sí èmi náà. Èyí tí mo rà ti wà nínú omi lẹ́yìnkùlé, àwọn ará ilé wa sì ti ń béèrè ohun tó ń rùn.