Ọjọ́ Ajé Mẹ́rin Tó Gbówó Lọ́wọ́ Mi ní Malta

€389.76 ni mo san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú oṣù kejì ọdún 2025. N kò fi ra aṣọ, n kò fi tún ẹ̀rọ ṣe, n kò sì fi san owó ilé. Ọjọ́ Ajé mẹ́rin tí a kò kà ni mo san án fún. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní, torí pé gbogbo ohun tó kù ni mo ṣe bó ṣe yẹ.

Aránṣọ ni mí ní Ħamrun, ìlú kan ní Malta. Nígbà tí iṣẹ́ pọ̀ ju agbára mi lọ, mo gba èèyàn méjì: ìyá kan tó jẹ́ ọmọ Malta, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ lórí aṣọ ìgbéyàwó, àti àbúrò kan láti Ìjẹ̀bú-Òde tí ìwé rẹ̀ pé. Mo gba nọ́ńbà PE tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó gbani síṣẹ́, mo fi fọ́ọ̀mù àwọn méjèèjì ránṣẹ́ sí Jobsplus, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, kí wọ́n tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n kọ FS4 wọn, ìyẹn fọ́ọ̀mù owó orí òṣìṣẹ́, mo fún wọn ní ìwé àdéhùn. Kò sí èyí tó le níbẹ̀. Mo mọ àwọn tó ń gba èèyàn síṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ lórí erékùṣù yìí. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ìyẹn níbikíbi.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ karùn-ún oṣù kejì ọdún 2024, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni ọdún Pọ́ọ̀lù, ìyẹn ọjọ́ kẹwàá, tí wọ́n fi ń rántí bí ọkọ̀ àpọ́sítélì náà ṣe fọ́ létí erékùṣù tí Bíbélì wa pè ní Mẹ́lítà. Ó bọ́ sí Sátidé. Níbí, tí ìsinmi ìjọba bá bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n á dá a padà fún òṣìṣẹ́ mọ́ ìsinmi ọdún rẹ̀. Ìdí nìyí tí wákàtí ìsinmi ọdún fi kúrò ní 192, tó di 240 lọ́dún 2024. Ìyẹn náà kò yọ mí lẹ́nu.

Owó ló yọ mí lẹ́nu. €240 lọ́sẹ̀ ni mo fi gba ẹnì kọ̀ọ̀kan. Owó tó kéré jù tí òfin gbà lọ́dún náà jẹ́ €213.54, nítorí náà ojú kò tì mí. Lórí €240 yẹn, òṣìṣẹ́ á dá €24 fún Social Security, owó tí ìjọba ń gbà nítorí àìsàn àti ìfẹ̀yìntì, èmi náà á dá €24, màá tún fi sẹ́ǹtì 72 sí àpò owó àwọn abiyamọ. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ €48.72 lọ́sẹ̀ lórí ẹnì kan. Ìṣirò yìí rọrùn, mo sì gbé e fún ọmọ àbúrò ìyá mi tó jẹ́ akáúntáǹtì ní Ìbàdàn, torí pé iye tí àwọn ti ìhín ń gbà pọ̀ lójú mi. Lóṣooṣù ló ń fi iye tí mo máa kọ sínú FS5, fọ́ọ̀mù tí mo fi ń san owó yìí fún ìjọba, ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Èmi á kọ ọ́, màá sanwó, ó parí.

Nígbà tó di oṣù kìíní 2025, mo ń ṣètò FS3, ìwé tó ń sọ gbogbo ohun tí òṣìṣẹ́ gbà lọ́dún àti gbogbo ohun tí wọ́n yọ níbẹ̀. Mo fi ti ìyá ọmọ Malta yẹn hàn án. Ó fi ìka tẹ ibi tí iye ọ̀sẹ̀ wà: 44. Ó fa kàlẹ́ńdà jáde látinú báàgì rẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì níṣojú mi, ó ní, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mi dà?"

Níbí, iye Ọjọ́ Ajé tó wà nínú oṣù ni wọ́n fi ń ka ọ̀sẹ̀ tí èèyàn máa san owó Social Security fún. Oṣù tó bá ní Ọjọ́ Ajé mẹ́rin, ìlọ́po mẹ́rin lo máa san. Èyí tó bá ní márùn-ún, ìlọ́po márùn-ún ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ títí dé òpin ọdún, oṣù kẹrin, ìkeje, ìkẹsàn-án àti ìkejìlá ló ní márùn-ún. 48 ni ì bá wà lórí ìwé yẹn.

Mo pe Ìbàdàn.

"Àǹtí, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló wà nínú oṣù. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ́nà méjìlá, mélòó ni?"

"Méjìdínláàádọ́ta, mà."

"Ọ̀sẹ̀ mélòó ló wà nínú ọdún?"

Kò dáhùn. Ó ní kí n má bínú, òun á tún un ṣe. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, mi ò gbúròó. Mo pè é, ó ní kò síná. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó fi tuntun ránṣẹ́: ó ti pín 52 sí méjìlá, ó wá kọ 4.33 sí oṣù kọ̀ọ̀kan! Ẹ wo èmi tí FS3 àti FS7, ìwé tó kó ti gbogbo ọdún pọ̀, gbọ́dọ̀ wọlé kó tó di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kejì, tí FS7 náà sì gbọ́dọ̀ bá gbogbo FS5 tí mo ti fi ránṣẹ́ mu láìku sẹ́ǹtì kan. Ta ló rí ìdá mẹ́ta Ọjọ́ Ajé rí? Mo bínú débi pé mo gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò oníbàárà kúrú lọ́jọ́ náà, mo sì san owó ìyẹn náà.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo kó gbogbo FS5 jáde, mo fi bírò pupa yí Ọjọ́ Ajé kọ̀ọ̀kan ká lórí kàlẹ́ńdà, mo sì tún ti oṣù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe fúnra mi. €194.88 lórí ẹnì kan, èèyàn méjì. Nínú rẹ̀, €96 ni ì bá ti ọwọ́ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wá, ṣùgbọ́n mo bá wọn san án. Àṣìṣe náà kì í ṣe tiwọn, ọ̀sẹ̀ yìí ni wọ́n sì máa kà fún wọn lọ́jọ́ tí àìsàn bá dé tàbí tí wọ́n bá fẹ̀yìn tì. Gbogbo ìwé wọlé kí ọjọ́ tó pé. Èmi tí mi ò ka akáúntì níléèwé rí ni mo ṣe é.

Ìyá mi tó ń tajà ní Dùgbẹ̀ kì í tàwìn lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ní ọjọ́ tí owó ń wọlé ni. Èmi náà ti wá ń bọ̀wọ̀ fún ọjọ́ náà báyìí.

Tí ẹ bá fẹ́ gba èèyàn síṣẹ́ níbí, ẹ má fi owó ọ̀sẹ̀ nìkan ṣírò. Ẹ fi owó àjẹmọ́nú mẹ́rin tí òfin là sílẹ̀ kún un: €121.16 ní òpin oṣù kẹta àti ìkẹsàn-án, €135.10 ní òpin oṣù kẹfà àti láàárín oṣù kejìlá. €512.52 lọ́dún lórí ẹnì kan nìyẹn, yàtọ̀ sí owó ọ̀wọ́n gógó tí ìjọba ń fi kún owó iṣẹ́ ní gbogbo oṣù kìíní. €5.24 lọ́sẹ̀ ni ti 2025. Lọ́dún 2025 kan náà, oṣù tó ní Ọjọ́ Ajé márùn-ún ni oṣù kẹta, ìkẹfà, ìkẹsàn-án àti ìkejìlá, àwọn oṣù tí àjẹmọ́nú bọ́ sí gan-an. Ká ní mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni, ǹ bá ti máa tọ́jú owó láti oṣù kìíní. Ẹni tí ẹ bá sì máa gbé ìṣirò yín fún, kó jẹ́ ẹni tó ti san owó iṣẹ́ fún èèyàn lórí erékùṣù yìí rí, bó bá tiẹ̀ wọ́n.

Ọjọ́ Ajé karùn-ún nínú oṣù kẹta 2025 jẹ́ ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, ọjọ́ ìsinmi ìjọba. A ò ṣí ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n mo kà á. Nígbà tí mo fún ìyá ọmọ Malta náà ní ìwé owó rẹ̀, kò wo €121.16 tó wà lókè. Ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ wò, ó rí 5 níbẹ̀, ó ká a sínú báàgì pẹ̀lú kàlẹ́ńdà rẹ̀, ó padà sídìí ẹ̀rọ.