Bí a ṣe ń fi bọ́ọ̀dù Arduino ṣọ́ ìgbóná kòkó tí a bò

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra bọ́ọ̀dù Arduino (kọ̀ǹpútà kékeré tí a lè kọ àṣẹ fún), ẹ má fi iná tó ń tàn tó ń kú nìkan kọ́ṣẹ́. Ẹ mú ohun tó jẹ yín lógún nílé. Àkúrẹ́ ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n oko kòkó Bàámi wà ní Ìdànrè, nítorí náà kòkó ni mo mú.

Tí a bá fọ́ kòkó tán, a ó kó hóró tútù jọ, a ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún nǹkan bí ọjọ́ 5 sí 7 kí a tó sá a. Abẹ́ ewé yẹn ni adùn ṣokoléètì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìwúkàrà á kọ́kọ́ sọ ṣúgà ara hóró di ọtí. Tí atẹ́gùn bá wọ ibẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí mìíràn á sọ ọtí náà di ọtí kíkan, ooru ńlá á sì jáde. Ó sábà máa ń tó 45°C sí 50°C. Tí kò bá gbóná tó bẹ́ẹ̀, kòkó náà á korò. Bàámi máa ń ki ọwọ́ bọ òkìtì láti mọ̀, mo sì gba ọwọ́ wọn gbọ́. Òru ni mo fẹ́ kí bọ́ọ̀dù bá wọn ṣọ́.

Ẹ wá Arduino Uno, sẹ́ńsọ̀ DS18B20 onírin tí omi kì í wọ̀ (òun ló ń wọn ìgbóná), rẹ̀sístọ̀ 4.7k (ẹ̀yà kékeré tó ń dín iná kù; àwọ̀ rẹ̀ ni yẹ́lò, àlùkò, pupa), breadboard (pátákó oníhò tí a ń ki wáyà bọ̀) àti wáyà díẹ̀. Àwọn ọmọ FUTA (yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ Àkúrẹ́) tó ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á. Ẹ bi wọ́n. Ẹ rí i pé wáyà USB yín ń gbé dátà, torí òmíràn kò mọ̀ ju kó gba iná lọ.

Ẹ yọ USB kí ẹ tó so nǹkan kan. Wáyà pupa ti sẹ́ńsọ̀ lọ sí ihò 5V lórí bọ́ọ̀dù, dúdú sí ihò GND, yẹ́lò sí ihò 2. Bí ẹ bá gbé pupa àti dúdú sódì, sẹ́ńsọ̀ á gbóná gan-an. Ẹ tètè yọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi rẹ̀sístọ̀ so wáyà yẹ́lò mọ́ pupa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo èyí. Sẹ́ńsọ̀ yìí lè fa wáyà yẹ́lò wálẹ̀ sí òdo, ṣùgbọ́n kò lè dá gbé e padà sókè. Rẹ̀sístọ̀ ló ń gbé e. Láìsí i, bọ́ọ̀dù kò ní gbọ́ ohun tó ń sọ.

Nínú Arduino IDE (ètò orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ àṣẹ fún bọ́ọ̀dù), ẹ gba OneWire àti DallasTemperature (àkójọ àṣẹ tó ń bá sẹ́ńsọ̀ sọ̀rọ̀), kí ẹ ṣí àpẹẹrẹ tó ń jẹ́ Simple. Ihò 2 náà ló ń lò. Ẹ fi èyí sínú setup (apá tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níbẹ̀rẹ̀):

pinMode(13, OUTPUT);

Kí ẹ fi èyí sínú loop (apá tó ń tún ara rẹ̀ ṣe láìdúró), lẹ́yìn ibi tó ti ka tempC, ìyẹn ìgbóná náà:

digitalWrite(13, tempC >= 45 ? HIGH : LOW);

Ẹ ki USB padà, kí ẹ tẹ Upload kí àṣẹ náà wọ bọ́ọ̀dù. Iná kékeré orí bọ́ọ̀dù á tàn tí òkìtì bá ti dé 45°C. Ẹ ṣí Serial Monitor (ojú fèrèsé tí bọ́ọ̀dù ń kọ ìgbóná sí), kí ẹ yan 9600 níbẹ̀. Bí ẹ bá rí -127, bọ́ọ̀dù kò rí sẹ́ńsọ̀ nìyẹn: ẹ yẹ wáyà wò. Bí 85 bá yọ lójijì, sẹ́ńsọ̀ kò tíì wọn nǹkan kan. Iná rẹ̀ ló sábà máa ń já. Ẹ tì í bọ inú omi tó kún fún yìnyín, kó sún mọ́ 0 kí ẹ tó gbé e lọ sóko.

Bí ẹ bá fẹ́ fi páwà báńkì fún bọ́ọ̀dù níná lóko, ẹ ṣọ́ra: ọ̀pọ̀ wọn máa ń pa ara wọn torí iná tí Uno ń jẹ kéré. Ẹ dán tiyín wò mọ́jú nílé.

Lóko, ẹ ti orí irin náà dé àárín òkìtì gan-an, kí bọ́ọ̀dù wà nínú ike olómorí lókèèrè, torí omi kòkó tó kan lè bà á jẹ́. Ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó yí kòkó padà. Bí ọjọ́ kẹta bá kọjá tí iná kò tàn, ó ṣeé ṣe kí òkìtì kéré jù, kí ooru máa sá lọ. Ẹ fi ewé kún un, tàbí kí ẹ dúró di ìgbà tí kòkó bá pọ̀ kí ẹ tó tún bò.