Gb Inú Igbá, Gb Inú Oko: Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Eré Kọ́ Ọmọ Kékeré Ní Lẹ́tà Kan

Ẹ jẹ́ ká mú lẹ́tà kan ṣoṣo, gb, kó jẹ́ òun la máa bá ọmọ ṣeré fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ìdí tí mo fi mú un ni pé ó máa ń da àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ mọ ABC gẹ̀ẹ́sì láàmú, wọ́n á rí g wọ́n á rí b, wọ́n á wá pè é ní "jíì-bíì", bẹ́ẹ̀ lẹ́tà kan ni o, òun ni ìkẹjọ nínú lẹ́tà 25 tá a ní, gbí là ń pè é. Ilé àgbẹ̀ sì kún fún un: àgbàdo, gbágùúdá, agbọ̀n, igbá, ìgbálẹ̀, ìgbín, àgbò tẹ́ ẹ so mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé, àgbẹ̀ fúnra ẹ̀ náà gb ni. Ẹ ò ní ra nǹkan kan.

Etí àti ẹnu ló ṣáájú

Ẹ má tíì mú ṣọ́ọ̀kì. Ẹ jókòó kọjú sọ́mọ, ẹ pa ètè dé, ẹ là á lójijì: gbà! gbé! gbì! Kó máa wo ẹnu yín, tí dígí kékeré bá wà kó wo tiẹ̀ náà. Tẹ́ ẹ bá ń pe g, ètè kì í pàdé, tẹ́ ẹ bá ń pe b, ètè nìkan ló ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ti gb, ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n jọ ń ṣí lẹ́ẹ̀kan náà ni. Ọmọ ò nílò àlàyé yẹn, ẹ̀yin lẹ nílò ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó bá ń sọ pé "bé mi", ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ ṣáà dá a lóhùn dáadáa: "ó dáa, màá gbé ẹ."

Gbé e, gé e

Eré tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Ẹ kó ṣùkù àgbàdo márùn-ún sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní "gbé e!" ọmọ á gbé ọ̀kan sókè, tẹ́ ẹ bá ní "gé e!" á fọwọ́ ṣe bí ẹni ń gé nǹkan (ọwọ́ o, kì í ṣe àdá). Ẹ kọ́kọ́ ṣe é jẹ́jẹ́, tó bá yá ẹ máa yára, ẹ̀yin gan-an á ṣì í, ìgbà yẹn lẹ̀rín máa ń pa wọ́n jù. Tí bọ́ọ̀lù bá wà, "gbá a" kó fẹsẹ̀ gbá a, "gbà á" kó fọwọ́ gbà á. Gb kan náà ni, ohùn ló yí iṣẹ́ padà.

Tó bá rẹ̀ wọ́n, kí wọ́n jókòó pe èyí lẹ́ẹ̀mẹta láìmí: Àgbẹ̀ gbàgbé igbá àgbàdo sígbó Gbọ̀ngán.

Ẹ fún un lágbọ̀n kó wá gb kiri ilé náà. Tó bá gbé ṣíbí wá, ẹ má pariwo, ẹ bi í pé "ṣíbí ni àbí ṣígbí?" òun fúnra ẹ̀ á dá a padà. Ilé tó jẹ́ pé ẹ̀gẹ́ tàbí pákí lẹ ń pe gbágùúdá, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jàre, ẹ má torí lẹ́tà yí orúkọ oúnjẹ padà.

Kíkọ ọ́

Ẹ da yanrìn tàbí eérú tó ti tutù pátápátá sórí páálí. Ìka lẹ máa fi kọ ọ́: g, róbótó tó nírù tó ká sísàlẹ̀, b, ọ̀pá kọ́kọ́ kó tó kan ikùn, kí àwọn méjèèjì fara kínra. Ọmọ tó bá ti dàgbà díẹ̀ lè to hóró àgbàdo sójú ilà ẹ̀.

Ẹ gbọ́ o, àgbàdo gbígbìn tí wọ́n ti pa oògùn mọ́, èyí tó máa ń láwọ̀ pupa tàbí àwọ̀ mìíràn yẹn, kò gbọdọ̀ débẹ̀ rárá, ike oògùn apakòkòrò náà ò gbọdọ̀ débẹ̀, bó ti wù kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ tó. Ọmọ tí ò tíì pé ọdún mẹ́ta, ẹ má fún un ní hóró kankan, ó lè kì í bọ imú tàbí kó há a lọ́fun.

Ìṣẹ́jú 10 lóòjọ́ ti tó, bóyá nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣẹ́ àgbàdo. Tó bá sá lọ, ẹ jẹ́ kó lọ.

Lọ́jọ́ keje, ẹ kọ g, b àti gb gàdàgbà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kó fò sórí gb. Tó bá fò sórí g, ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta kún un. Tó bá fò ó re, ẹ bẹ̀rẹ̀ p, torí ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n náà ló ń pe ìyẹn.