Bí Ọkọ̀ Ojú Omi Tí Ẹ Rà Ṣe Lè Tẹ́ Yín Lọ́rùn, Ìbáà Jẹ́ Tuntun Tàbí Tòkunbọ̀

Kì í pẹ́ tí èèyàn bá ra ọkọ̀ ojú omi tán ní Èkó, ní Ẹ̀pẹ́, ní Ìkòròdú tàbí ní Àgbádárìgì tí àwọn ará èbúté fi máa ń bi í léèrè bóyá ọkọ̀ náà tẹ́ ẹ lọ́rùn. Èsì tí olówó ọkọ̀ bá fọ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò ṣeé gbára lé, nítorí pé ọ̀dà tí ń dán àti ìdùnnú ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní nǹkan ni ó fi ń dáhùn. Ọkọ̀ kan lè sáré dáadáa kí ó sì máa jẹ olówó rẹ̀ ní gbèsè, nígbà tí òmíràn tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí yóò máa pa owó wọlé láìsí ariwo. Ohun tí ó ń fi ọkàn ẹni balẹ̀ ni pé kí ọkọ̀ bá omi tí ó ń rìn mu, kí epo tí ó ń jẹ sì bá iṣẹ́ tí ó ń ṣe mu, èyí tí èèyàn kò lè mọ̀ dájú àfi bí ọkọ̀ náà bá ti la ìgbà òjò kan àti ìgbà ọyẹ́ kan kọjá. Ẹni tí ó ti sanwó tán, tí ó fẹ́ mọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣe láàárín ọdún àkọ́kọ́ yìí, ni mo ń kọ ìwé yìí fún.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí omi fúnra rẹ̀. Ọ̀sà Èkó fẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n kò jìn: tí a bá yọ ojú ọ̀nà tí wọ́n gbẹ́ fún ọkọ̀ ńlá kúrò, jíjìn rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi kò ju nǹkan bíi mítà kan ààbọ̀ lọ. Nítorí náà, ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ rì jù, tàbí èyí tí ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, apá tí ó máa ń wọnú omi, gùn ju bí ó ti yẹ lọ, yóò máa fi pùròpẹ́là, abẹ́ tí ń yí láti ti ọkọ̀ síwájú, gbẹ́ iyanrìn ní ìgbà tí omi bá fà. Láàárọ̀, ojú ọ̀sà sábà máa ń tòrò. Lọ́sàn-án, atẹ́gùn tí ń fẹ́ láti òkun máa ń gbé ìgbì dìde, pàápàá ní àárín ọ̀sà níbi tí kò sí igi tàbí ilé tí yóò dá a dúró. Ẹni tí ó bá ń dán ọkọ̀ wò láàárọ̀ nìkan ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ẹ di ẹrù tàbí iye èrò tí ọkọ̀ náà yóò máa gbé lójoojúmọ́ sínú rẹ̀, kí ẹ gbé e jáde ní ọ̀sán, kí ẹ sì wo bí imú rẹ̀ ṣe ń bá ìgbì pàdé: ṣé ó ń gé e ni, àbí ó ń gbá a débi tí omi fi ń ta sí ara èrò? Tí omi bá ń ta wọlé púpọ̀, ẹ kọ́kọ́ sún ẹrù sẹ́yìn díẹ̀ kí ẹ tó dá ẹni tí ó kan ọkọ̀ lẹ́bi, nítorí ẹrù tí ó pọ̀ jù níwájú a máa ba ọkọ̀ rere jẹ́.

Tí ó bá jẹ́ ọkọ̀ onípákó tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn ni, kí ẹ má ṣe jẹ́ kí jíjò ọjọ́ àkọ́kọ́ já yín láyà. Pákó tí ó gbẹ nílẹ̀ ní láti mu omi kí ó tó wú, ìgbà tí ó bá wú ni ojú àpapọ̀ pákó kọ̀ọ̀kan yóò fún mọ́ra. Ẹ fi ẹfun fa ìlà sí inú ọkọ̀ níbi tí omi dé láàárọ̀, kí ẹ gbọ́n omi náà jáde pátápátá, kí ẹ sì fa ìlà mìíràn ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Bí ìlà náà bá ń lọ sílẹ̀ lójoojúmọ́, ọkọ̀ ń dára sí i nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá dúró sí ojú kan náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, tàbí tí ẹ rí i pé ìdí ìṣó kan pàtó ni omi ti ń yọ, àṣìṣe káfíńtà ni, kì í ṣe ọ̀ràn pákó gbígbẹ mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé kí a bá káfíńtà ṣe àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé apá kan nínú owó yóò wà nílẹ̀ títí ọkọ̀ yóò fi lo ọ̀sẹ̀ méjì nínú omi. Káfíńtà tí a ti sanwó fún tán ṣòro láti rí. Èyí tí owó rẹ̀ ṣì kù lọ́wọ́ wa ni yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí èbúté.

Ti ọkọ̀ fáíbà tí ó jẹ́ tòkunbọ̀ tàbí àlòkù yàtọ̀, nítorí ara rẹ̀ lè máa dán kí inú rẹ̀ ti jẹrà. Ẹ fi owó onírin tàbí òòlù kékeré kan ìdí ọkọ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ àti ilẹ̀ inú rẹ̀ láti ibì kan dé ibì kejì. Ibi tí ó le yóò dún gbáú. Ibi tí fáíbà ti ya kúrò lára ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, tàbí tí igi inú rẹ̀ ti rà, yóò dún bí ohun tí ó ti kú. Ibi tí ó ṣe pàtàkì jù lọ ni ògiri ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì kọ́ sí, nítorí pákó sábà máa ń wà láàárín fáíbà níbẹ̀. Ẹ gbé ẹ́ńjìnnì náà sókè díẹ̀, kí ẹ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, kí ẹ sì mì í sókè sódò. Bí ògiri náà bá ń mì pẹ̀lú rẹ̀, tàbí tí omi aláwọ̀ ilẹ̀ ń sun jáde láti ojú ihò bóòtù, ẹ má ṣe gbé ẹ́ńjìnnì ńlá sí i títí ẹ ó fi tún un ṣe. Ìṣẹ̀lẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì já kúrò lára ọkọ̀ lójú agbami kì í ṣe àròsọ. Ní tèmi, ọkọ̀ àlòkù tí ara rẹ̀ le, tí a sì gbé ẹ́ńjìnnì tuntun sí, sàn ju ọkọ̀ tuntun tí ó gbé ẹ́ńjìnnì tí a kò mọ ìtàn rẹ̀ lọ, bí iye owó méjèèjì tilẹ̀ dọ́gba.

Ẹ́ńjìnnì gan-an ni ọ̀pọ̀ ìbànújẹ́ olówó ọkọ̀ ti ń wá. Bí ó bá jẹ́ irú èyí tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo fún ni, ó ní láti mu ọ́ìlì ju bí yóò ti máa mu lẹ́yìn náà lọ ní wákàtí mẹ́wàá àkọ́kọ́ tí ó bá jẹ́ tuntun, a kò sì gbọ́dọ̀ fún un ní gbogbo agbára rẹ̀ lásìkò yẹn. Ìwé tí ó bá ẹ́ńjìnnì wá ni kí ẹ tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, lítà ọ́ìlì kan ni ó máa ń bá kẹ́ẹ̀gì epo lítà 25 lọ ní ìbẹ̀rẹ̀, tí yóò sì wá di ìdajì lítà lẹ́yìn náà. Àwọn awakọ̀ kan máa ń da ọ́ìlì lé e títí ayé pẹ̀lú èrò pé ẹ́ńjìnnì yóò pẹ́ sí i. Èéfín àti púlọ́ọ̀gì dídúdú ni èrè rẹ̀. Àwọn mìíràn ń dín in kù láti fi owó pamọ́, ìyẹn sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí písítìn tí kò rí ọ́ìlì yóò há. Bí ẹ́ńjìnnì yín bá jẹ́ èyí tí ọ́ìlì rẹ̀ wà lọ́tọ̀, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì náà lẹ́yìn wákàtí 20 àkọ́kọ́, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 100 kọ̀ọ̀kan láti ìgbà náà lọ.

Nígbàkúgbà tí ẹ bá tan ẹ́ńjìnnì, ojú yín kò gbọ́dọ̀ kúrò lára okùn omi tín-ín-rín tí ń tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Omi yẹn ni ẹ̀rí pé ẹ́ńjìnnì ń rí ohun tí yóò fi tutù. Tí ó bá rọ̀, tàbí tí kò jáde rárá, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Lórí ọ̀sà wa, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ni ó sábà máa ń dí ojú ihò tí omi ń gbà wọlé. Ní ìgbà òjò, gbéborùn, ewéko tí ń léfòó lójú omi, náà a máa ṣe bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí ìdọ̀tí níbẹ̀, rọ́bà tí ń fa omi sókè nínú ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ yẹ̀ wò. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan ẹ́ńjìnnì sórí ilẹ̀ gbígbẹ láìsí omi, kódà kí oníbàárà kan lè gbọ́ ohùn rẹ̀, nítorí àkókò díẹ̀ péré ti tó láti ba rọ́bà náà jẹ́.

Ẹ tú ìṣó ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn oṣù àkọ́kọ́, kí ẹ fi ìka gba ọ́ìlì gíà díẹ̀. Bí ó bá funfun bí omi ògì, omi ti wọlé, ìbòjú rọ́bà kan ti jẹ nìyẹn; owó díẹ̀ ni a fi ń tún un ṣe lónìí, gbogbo gíà ni yóò bàjẹ́ tí a bá dá a sí. Fún ẹ́ńjìnnì àlòkù, kí mẹkáníìkì fi òṣùwọ̀n wọn agbára afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá fi ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ yàtọ̀ síra, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó àtúnṣe.

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ń ráhùn pé ẹ́ńjìnnì òun kò lágbára ni pùròpẹ́là tí kò bá ọkọ̀ mu ń dà láàmú. Ìwé ẹ́ńjìnnì máa ń sọ iye ìgbà tí ó yẹ kí ó yí ní ìṣẹ́jú kan bí ẹ bá fún un ní gbogbo agbára. Bí ó bá yí kù sí iye yẹn nígbà tí ẹrù wà nínú ọkọ̀, pùròpẹ́là náà wúwo jù fún un. Bí ó bá kọjá rẹ̀, ó fúyẹ́ jù. Ìyàtọ̀ íǹṣì kan nínú ìdagun abẹ́ pùròpẹ́là, ìyẹn bí ó ṣe yẹ kí ó jìnnà tó nínú omi bí ó bá yí lẹ́ẹ̀kan, máa ń yí nǹkan bí 200 padà nínú iye náà, nítorí náà kò yẹ kí a sáré ra ẹ́ńjìnnì tí ó tóbi jù kí a tó gbìyànjú pùròpẹ́là mìíràn.

Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti kúrò ní ọdún 2023, ìwé àkọsílẹ̀ epo ti di ohun tí kò ṣeé máà ní. Ìwé àjákọ ọmọ iléèwé tó fún un. Ẹ máa kọ ọjọ́, ẹrù tàbí iye èrò, ibi tí ọkọ̀ lọ, lítà epo tí ó jẹ, wákàtí tí ó fi ṣiṣẹ́ àti ohunkóhun tí ó bàjẹ́. Ẹ́ńjìnnì tí agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 40, tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo fún, lè jẹ tó lítà 15 ní wákàtí kan bí a bá tẹ̀ ẹ́ dé òpin, ṣùgbọ́n tí a bá dín in kù díẹ̀ nígbà tí imú ọkọ̀ ti sọ̀kalẹ̀ tí ó sì ti ń fò lórí omi, ẹ ó rí i nínú ìwé yín pé àǹfààní rẹ̀ kò kéré. Tí epo bá ṣàdédé pọ̀ sí i láìsí pé ẹrù pọ̀, ẹ fa ọkọ̀ sókè kí ẹ wo ìdí rẹ̀: ewé omi àti ìkarawun kéékèèké tí ó lẹ̀ mọ́ ọn tó láti mú un wúwo. Ó tún lè jẹ́ pé awakọ̀ ń ta epo. Ìwé yẹn náà ni yóò kọ́kọ́ fi hàn.

Bí ọkọ̀ yín bá ń ṣiṣẹ́ nítòsí òkun, ní apá Àpápá tàbí Tàkwá Bèè, ẹ máa fi omi tí kò ní iyọ̀ ṣan inú ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ má ṣe fi ọ̀dà kun irin kékeré aláwọ̀ eérú tí ó wà lára ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì, nítorí òun ni iyọ̀ ń jẹ dípò ẹ́ńjìnnì; ẹ pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí ó bá jẹ dé ìdajì.

Ní ti ìwé, ẹ rí i dájú pé nọ́ńbà tí ó wà lára ẹ́ńjìnnì bá ti inú rìsíìtì mu, nítorí ẹ́ńjìnnì jíjí pọ̀ lọ́jà. Ẹ forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń bójú tó ìrìnnà orí omi, kí ẹ̀wù ààbò orí omi sì pé iye èrò.

Bí ọdún bá yípo tí ọkọ̀ náà kò sì tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ṣí ìwé àkọsílẹ̀ yín kí ẹ wo ibi tí owó ń gbà jáde. Bí ó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì ni, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ sì mú ọkọ̀ dání. Bí ó bá jẹ́ pé ọkọ̀ kò bá omi yín mu, kò sí àtúnṣe tí yóò mú un gùn sí i tàbí kí ìdí rẹ̀ máà rì tó bẹ́ẹ̀. Ẹ tà á fún ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ní omi tí ó yẹ ẹ́. Ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì sábà máa ń pa owó wọlé ju bẹ́ẹ̀ lọ bí a bá tà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹni tí ó bá sì fẹ́ rà yóò sanwó pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ nígbà tí ẹ bá fi ọjọ́ tí ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì gíà àti rọ́bà omi hàn án nínú ìwé.