Bí Mo Ṣe Lo Fèrèsé Johari fún Àwọn Ọ̀gá Ilé-Iṣẹ́ Búrẹ́dì Kan ní Àkúrẹ́

Búrẹ́dì tó yẹ kó ti kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́ kì í tètè jáde. Àwọn awakọ̀ tó ń kó o lọ sí Ìdànrè àti Ọ̀wọ̀ ń bínú sí àwọn ará ìdí ààrò, àwọn ará ìdí ààrò ń bínú sí àwọn tó ń po ìyẹ̀fun. Ìyá tó ni ilé-iṣẹ́ náà ní kí n wá bá àwọn ọ̀gá ìsọ̀rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣiṣẹ́: ìpòyẹ̀fun, ààrò, ìdìbúrẹ́dì àti mọ́tò. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí. Ẹni tó sì ń rí ìpàkọ́ ọ̀gá jù ni ọmọ abẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ti kọ́ nílé pé kò gbọdọ̀ la àṣìṣe àgbà mọ́ ọn lójú. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà: kí ọ̀gá lè gbọ́ ohun tí àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ ń rí lára rẹ̀.

Kí n tó pín ìwé kankan, èmi àti Ìyá kọ́kọ́ ṣe àdéhùn. Èsì iṣẹ́ náà kò ní wọ ọ̀rọ̀ owó oṣù, ìgbéga tàbí ìyọniníṣẹ́. Ìyá fúnra wọn ni wọn yóò kọ́kọ́ jókòó kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ tiwọn. Wọn kò sì ní rí ìwé àwọn ọ̀gá yòókù. Bí owó bá wọ inú rẹ̀, irọ́ ni gbogbo èèyàn yóò kọ. Bí olówó iṣẹ́ kò bá sì ṣáájú, àwọn tó kù yóò gbà pé pàkúté ni.

Irinṣẹ́ tí mo lò ni fèrèsé Johari, tó ń fi ohun tí èèyàn rò nípa ara rẹ̀ wé ohun tí àwọn ẹlòmíràn rí lára rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá méjì, Joseph Luft àti Harrington Ingham, ló gbé e jáde ní Amẹ́ríkà ní 1955. Àkójọ ọ̀rọ̀ tó ń sọ ìwà èèyàn, tí wọ́n sábà máa ń lò fún un, lé ní 50. Mo dín in kù sí 30, mo sì kọ gbogbo rẹ̀ ní Yorùbá: onísùúrù, ọlọ́yàyà, alákíyèsí, onítìjú, afarabalẹ̀, ẹni tí kì í fi nǹkan falẹ̀ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ mọ́jú kò lágbára àtimáa ṣa ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ. Ọ̀gá yóò mú mẹ́fà tó bá òun mu, àwọn tó mọ̀ ọ́n níbi iṣẹ́ náà yóò mú mẹ́fà fún un. Àwọn kan a máa lo àkójọ ọ̀rọ̀ burúkú. Èmi kì í lò ó láàárín àwọn tí yóò jọ dúró nídìí iṣẹ́ kan náà lọ́la.

Àṣírí ni kókó. Gbogbo wọn lo bíró dúdú, wọ́n kàn fi àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ ni, torí wọ́n mọ ọwọ́ ìkọ̀wé ara wọn. Fún àwọn tí kò mọ̀wé, mo ka ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú sítọ́ọ̀ tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Mi ò ṣe àkópọ̀ fún ìsọ̀rí tí èèyàn inú rẹ̀ kò tó mẹ́rin. Ènìyàn méjì péré ló wà nídìí ìdìbúrẹ́dì, nítorí náà mo pa tiwọn pọ̀ mọ́ ti àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ ọ̀gá wọn. Nígbà tí mo kà á tán, a jó ìwé náà nínú ààrò lójú gbogbo wọn.

Fèrèsé náà ní ojú mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá àti àwọn yòókù jọ mú wọ ojú kìíní. Èyí tí àwọn yòókù mú tí òun kò mú wọ ìkejì. Èyí tí òun nìkan mú wọ ìkẹta, èyí tí ẹnikẹ́ni kò mú wọ ìkẹrin. Bí ọ̀gá bá pe ara rẹ̀ ní onísùúrù, tí ẹnì kankan kò sì mú un, kò túmọ̀ sí pé ó purọ́. Sùúrù náà lè wà nínú rẹ̀ kó má hàn nídìí iṣẹ́, ìyẹn sì ni kó lọ rò.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò tó ẹni tó fẹ́ yí ìwà padà. Nítorí náà mo bi olúkúlùkù ní nǹkan mẹ́ta nípa ọ̀gá rẹ̀, èmi ni mo sì kọ ọ́ sílẹ̀: ìgbà wo ni, kí ni wọ́n ṣe, kí ló yọrí sí. Ilé-iṣẹ́ Center for Creative Leadership ní Amẹ́ríkà ló sọ ọ̀nà yìí di mímọ̀. Ohun tó kọ́kọ́ ń jáde ni àdúrà: “Ọ̀gá wa dáa, Ọlọ́run á dá wọn sí.” Mo ṣe àmín, mo sì tún bi wọ́n ní ìgbà wo. “Wọ́n máa ń kanra” kò wúlò, torí ọ̀gá kò ní mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Èyí tó wúlò ni: “Nígbà tí ìyẹ̀fun kò tíì wú tó lóru, wọ́n jágbe mọ́ wa níwájú àwọn awakọ̀. Láti ìgbà náà, bí kò bá tíì wú, a kì í sọ.” Ibẹ̀ ni ìdí tí búrẹ́dì fi ń pẹ́ ti yọ. Wọn yóò kó èyí tí kò wú sínú ààrò, yóò jáde ní líle, wọn yóò sì tún òmíràn pò. Amy Edmondson, onímọ̀ nípa ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní Yunifásítì Harvard, ti kọ ọ́ ní 1999 pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí ẹ̀rù kò bà láti sọ àṣìṣe ló ń rí ẹ̀kọ́ kọ́ jù.

Mo ka èsì fún ọ̀gá kọ̀ọ̀kan lóun nìkan, ní ọjọ́ tí kò sí iṣẹ́ òru. Ohun méjì péré ni mo fi àyè sílẹ̀ fún: kó dúpẹ́, tàbí kó béèrè ohun tí kò yé e. “Ta ló sọ èyí?” kò sí níbẹ̀. Bí ọ̀gá bá bẹ̀rẹ̀ sí wá ẹni tó sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò ní sọ òótọ́ mọ́. Nígbà tí mo rí i pé ojú ẹnì kan ti ń yí, mo pa ìwé èsì dé, mo ní ká máa bá a lọ lọ́jọ́ kejì.

Lẹ́yìn náà, olúkúlùkù mú ìwà kan ṣoṣo tí yóò yí padà, ó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá ìpòyẹ̀fun ní, “Bí kò bá tíì wú, ẹ pè mí, mi ò ní jágbe.” A fi ìpàdé ìṣẹ́jú márùn-ún kún un nígbà tí àwọn ará òru bá ń gbéṣẹ́ fún àwọn tàárọ̀, lórí ìdúró. Ẹni tó kéré jù ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, torí bí ọ̀gá bá ti sọ tirẹ̀, “bẹ́ẹ̀ ni sà” ló kù. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìbéèrè mẹ́ta yẹn nìkan ni kí ẹ tún bi àwọn ọmọ abẹ́, láìsí àkójọ ọ̀rọ̀. Ẹ má ṣe bi ẹni tí kò tíì lo oṣù méjì níbẹ̀, torí kò tíì rí ọ̀gá náà lọ́jọ́ tí nǹkan dàrú.