Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí bàbá Sábó lè tún ṣe

Sípóòkù kan ló fa gbogbo rẹ̀. Mo ń bọ̀ láti Ìkòyí-Ilé lọ́jọ́ Sátidé kan, ọ̀nà ilẹ̀ pupa ni mo gbà, òjò sì ti gbẹ́ àárín rẹ̀ bí ẹni kọ poro sí i. Mo gbọ́ "tán-ìn" lẹ́yìn, mo rò pé òkúta ló ta lu férémù. N ò tíì gùn ún tó òpó iná mẹ́ta sí i tí táyà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ha férémù lọ́tùn-ún, tó tún ń ha á lósì. Ọlọ́kadà ló gbé wa wọ Ògbómọ̀ṣọ́, èmi lẹ́yìn rẹ̀, kẹ̀kẹ́ léjìká mi bí ọdẹ tó gbé ẹran wálé.

Bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Sábó yọ sípóòkù náà, wọ́n gbé e sójú oòrùn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, eléyìí ò mà lọ́rùn." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Sípóòkù tí gbogbo wa mọ̀ máa ń kọ́rùn bí ìwọ̀ níbi tó ti wọ họ́ọ̀bù, àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Tèmi gùn gbọọrọ bí abẹ́rẹ́, straight-pull ni wọ́n ń pè é. Gálọ́ọ̀nù kan kún fún sípóòkù ọlọ́rùn níwájú bàbá. Irú tèmi, wọn ò rí i rí. Wọ́n ní kí àwọn ṣáà fún èyí tó kù le kí n lè gùn ún délé, àfi bí nọ́ọ̀tù sípóòkù méjì ṣe fọ́ yángá mọ́ wọn lọ́wọ́ bí bisikíìtì. Alumíníọ̀mù ni nọ́ọ̀tù náà, ẹrẹ̀ àti omi ti jẹ ẹ́ nínú. Ibẹ̀ ni mo ti pinnu pé n ó ra ẹsẹ̀ tuntun, tiwájú tẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú kẹ̀kẹ́ tó jẹ́. Tòkunbọ̀ ni, mo rà á ní Èkó, gìá 9 ló wà lẹ́yìn rẹ̀, bíréèkì rẹ̀ sì jẹ́ ti díìsì. Gravel ni wọ́n ń pè é: ọwọ́ rẹ̀ ká wálẹ̀ bí ìwo àgbò, bíi ti kẹ̀kẹ́ eré ìje, ṣùgbọ́n táyà rẹ̀ sanra. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó sì ń gun ọ̀nà Ọ̀yọ́ nìkan, tírélà ló ń bá du ọ̀dà. Èmi, ọ̀nà oko kajú ni mo ń bá lọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gùn ní Èkó ní kí n kúkú ra ẹsẹ̀ tí wọ́n fi kábọ̀n ṣe dípò alumíníọ̀mù. N ò fi ìṣẹ́jú méjì rò ó. Owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta, ìyẹn lọ́tọ̀. Tí alumíníọ̀mù bá forí sọ òkúta, yóò tẹ̀, wàá sì rí ibi tó ti tẹ̀. Bàbá lè fi ẹ̀mú fà á jáde díẹ̀díẹ̀. Kábọ̀n tó bá sán, ta ló fẹ́ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò ní Sábó?

Ìwọ̀n ló gba àkókò. Mo yá kálípà, mo wọn ẹnu fọ́ọ̀kì iwájú: mìlímítà 100. Ẹ̀yìn jẹ́ 142. Ọ̀pá tó gba àárín họ́ọ̀bù kọjá jẹ́ 12 níwájú àti lẹ́yìn. Tó o bá ra ti 135, èyí tó ń lo ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ àtijọ́, ó di dandan kó o wá ádápútà kiri tàbí kó o tà á padà. Díìsì mi oníbóòtù 6 ni, họ́ọ̀bù tí wọ́n ń pè ní Center Lock, tí kì í lo bóòtù, kò sì gba irú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ara táyà mi ni wọ́n kọ 40-622 sí: 40 ni ìbú, 622 ni ìwọ̀n láti etí dé etí níbi tó ti jókòó sára ríìmù. 622 yìí kan náà ni kẹ̀kẹ́ orí òkè tí wọ́n ń pè ní 29 ń lò, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ya sí 650b, ìwọ̀n tó kéré sí i, nítorí túùbù 29 wà lọ́jà wa.

Ìbú inú ríìmù mi àtijọ́ kò ju mìlímítà 17 lọ, táyà wá dúró lórí rẹ̀ bí olú orí ọ̀gán. Tí mo bá dín atẹ́gùn kù, á máa yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí mo bá ya kọ́nà. Mo wá èyí tí inú rẹ̀ jẹ́ 23.

Olùtajà fi méjì hàn mí tó bá gbogbo ìwọ̀n yìí mu. Ọ̀kan fúyẹ́ jù, ó sì wù mí, ṣùgbọ́n hookless ni: etí ríìmù rẹ̀ kò ní ìkọ́ tí yóò di táyà mú. Ìlànà ni pé irú ríìmù bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ gba atẹ́gùn ju 5 bar lọ, ìyẹn nǹkan bíi 72 psi, táyà tí wọ́n bá sì fọwọ́ sí fún un nìkan ló gbọdọ̀ gbé. Èmi ò nílò tó 40 psi. Ṣùgbọ́n ẹ ẹ̀ mọ fọkanáísà àdúgbò wa. Tí wọ́n bá ti ki ẹnu páìpù bọ fálífù, ọ̀rọ̀ ni wọ́n á máa bá èèyàn sọ, ìgbà tí táyà bá le bí òkúta ni wọ́n tó mọ̀ pé ó ti yó. Mo mú oníkọ̀ọ́.

Sípóòkù 28 ló wà nínú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọlọ́rùn, nọ́ọ̀tù rẹ̀ sì jẹ́ idẹ. Mo fi fọ́tò rẹ̀ han bàbá kí n tó sanwó. Wọ́n mirí. "Raleigh ayé àtijọ́, 32 níwájú, 40 lẹ́yìn. O sanra, o tún ń gbé báàgì." Mo ní, "Ẹ má bínú, bàbá, 28 yìí náà ṣáà lọ́rùn." Ìyẹn tẹ́ wọn lọ́rùn díẹ̀. Mo tún bèèrè nọ́ḿbà béárìn lọ́wọ́ olùtajà: 6902. Mo gbé e lọ bá oníbéárìn lọ́jà, ó sì mú un jáde láti abẹ́ àwọn ti ọ̀kadà. Ọjọ́ yẹn ni mo fowó ránṣẹ́.

Ẹsẹ̀ náà dé nínú páálí. Olùtajà kọ ọ́ pé giráàmù 1,750 ni méjèèjì. Òṣùwọ̀n ìyá ẹlẹ́ja yìnyín ní 1,820. Mo gba ti ìyá ẹlẹ́ja gbọ́. Kò bí mi nínú, nítorí ohun tí mo jẹ láàárọ̀ ju àádọ́rin giráàmù lọ.

Gìá ló fẹ́ dójú tì mí. A tò ó sára họ́ọ̀bù, a fún ìdérí rẹ̀ le títí, síbẹ̀ ó ń mì gbọn-gbọn. Bàbá ti ń wo òòlù kí n tó rántí. Họ́ọ̀bù tuntun yìí, ti gìá 11 ni wọ́n ṣe é fún, ó sì fi mìlímítà 1.85 gùn ju èyí tí gìá 9 ń lò. Òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló yẹ kó kọ́kọ́ wọlé. Ó yẹ kó bá ẹsẹ̀ náà wá, kò bá a wá. Mo gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó ń fi ẹ̀rọ léètì gé irin lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, 1.85 ni."

"Kí ló dé tí kì í ṣe 2?"

"Ẹ bá mi gé e síbi tí mo wí."

Wọ́n gé e sí 1.9, wọ́n fi sáńpépà ha ìyókù, wọ́n ń ráhùn. Nígbà tí mo dá a padà sí Sábó, gìá dúró gbári.

Táyà náà gbé láìsí túùbù. A fi téèpù dí ihò sípóòkù, a da oje funfun tó ń dí ihò táyà sí i, fọkanáísà sì fi kọ̀mpírẹ́sọ̀ rẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́ẹ̀kan: etí táyà dún pàà, ọmọdé méjì sá. Fálífù rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ rántí ra orí idẹ kékeré tí yóò sọ ọ́ di ti ọ̀kadà. Mo dúró tì í ní gbogbo ìgbà náà, mo dín in kù sí 34 psi. Ó wò mí bí ẹni tó gba ẹran lẹ́nu ọmọ. Lásìkò ọyẹ́, ẹ máa yẹ oje náà wò lóṣooṣù, kíá ló ń gbẹ.

Lẹ́yìn nǹkan bí 100 kìlómítà, mo gbé e padà fún bàbá kí wọ́n tún sípóòkù fà, nítorí tuntun máa ń dẹ̀ díẹ̀. Wọ́n yí i, wọ́n gbọ́ ohùn sípóòkù kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń tún ìlù ṣe. Lẹ́yìn náà, wọ́n mú ṣọ́ọ̀kì, wọ́n kọ gígùn sípóòkù sára ògiri lẹ́yìn gálọ́ọ̀nù, ní mìlímítà: 286 lápá gìá, 288 lápá díìsì. Wọ́n ní kí n ra mẹ́rin-mẹ́rin wá, àwọn ó bá mi tọ́jú rẹ̀.